Bí mo ṣe ṣọ́ ẹsẹ̀ mi kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún

Ìbàdàn ni wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún mi, nígbà tí làkúrègbé ti jẹ eegun ibẹ̀ tán. Ọ̀bẹ ni èmi ń bẹ̀rù. Ohun tó ń ba dókítà lẹ́rù ní tirẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí èyí tó dì bá já, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ, ó sì lè pa èèyàn lójijì. Ó ní ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tí kò rìn kì í lè ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè dáadáa.

Wọn ò jẹ́ kí n pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, nọ́ọ̀sì ti ní, "Màmá, ẹ dìde," mo di wọ́kà onírin mú, mo ń wọ́ ẹsẹ̀. Tí mo bá dùbúlẹ̀, màá fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi, màá tún tẹ̀ ẹ́ lọ, bí mo ṣe máa ń tẹ ẹsẹ̀ máṣìnnì ìránṣọ mi. Gbogbo wákàtí tí mo bá lajú ni mò ń ṣe é.

Abẹ́rẹ́ enoxaparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, 40 mg, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ni wọ́n kọ fún mi. Láti ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí oògùn yìí. Mùsùlùmí ni mí, mo bi àáfà wa. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kí n gbà á. (Dókítà ní oníhóró tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú wà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà.) Nílé, ọmọ mi obìnrin á fún ọ̀rá ikùn mi mú, jìnnà díẹ̀ sí ìdodo, á gún abẹ́rẹ́ wọlé tààrà. Bó bá gún apá òsì lónìí, apá ọ̀tún ló kàn. A kì í fọwọ́ ra ojú ibẹ̀, nítorí ó máa ń dúdú.

Àwọn tó fẹ́ràn mi ló fún mi níṣẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi gbígbóná àti àbóníkì dé, wọ́n fẹ́ wọ́ ẹsẹ̀ fún mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì síbẹ̀, ẹ lè já a." Wọ́n bínú díẹ̀. Àgbo tí wọ́n gbé wá, n ò mu ún, n ò sì fẹnu kan ibuprofen, torí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti wà lára mi, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Paracetamol ni dókítà fọwọ́ sí.

Láràárọ̀ ni mò ń fi téèpù ìránṣọ wọn ẹ̀yìn ojúgun méjèèjì. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ wú díẹ̀, ṣùgbọ́n wíwú tó bá dé lójijì, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, ni mò ń ṣọ́. Ó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò dúró jẹun, ọsibítù la gbà lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo iṣan náà, kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Mo ti sọ fáwọn ọmọ pé tí mi ò bá lè mí délẹ̀ tàbí tí àyà ń gún mi, kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni, ọsibítù ni kí wọ́n gbé mi lọ.

Abẹ́rẹ́ tán, ewu kò tíì tán. Ó lè tó oṣù mẹ́ta. Nígbà tá a ń lọ sí ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́, mo ní kí awakọ̀ dúró ní Iléṣà kí n rìn díẹ̀. Ó kùn, ṣùgbọ́n ó dúró.