Sítíárìn katakata tó le bí òkúta

Katakata kékeré tí mo fi ń gé koríko ti gbó, àmọ́ sítíárìn rẹ̀ kò le tó báyìí rí. Bí mo bá ti yí i, pọ́ǹpù tó ń fi agbára ọ́ìlì mú kí sítíárìn rọrùn láti yí á figbe ta. Díẹ̀ ló kù kí n ra pọ́ǹpù tuntun (owó ńlá!) kí n tó ṣí ìdérí ọ́ìlì sítíárìn: ó ń hó bí omi ọṣẹ. Afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà wọlé. Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wọ pọ́ǹpù ti là lábẹ́ kílíìpù, kò sì jò síta rárá.

Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo bu ọ́ìlì tuntun sí i. Mo fi jáàkì gbé táyà iwájú, mo yí sítíárìn lọ sọ́tùn-ún sósì bí ìgbà 20 kí afẹ́fẹ́ lè jáde kí n tó tan ẹ́ńjìnnì, mo sì tún fi ọ́ìlì kún un. Ọwọ́ kan ni mo fi ń yí i báyìí.