Ẹ wo NRR kí ẹ tó ra ohun tí ẹ máa fi bo etí nídìí ẹ̀rọ agékoríko

Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa dé sí etí nídìí ẹ̀rọ agékoríko, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí hẹ́dífóònù olówó ńlá tí wọ́n ní ó ń pa ariwo. Ìbòtí àwọn òṣìṣẹ́ tó ní Bluetooth nínú ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wá NRR (Noise Reduction Rating, iye tó ń sọ bí ìbòtí ṣe ń dín ariwo kù tó) lára páálí rẹ̀. Ariwo kíkùn tó ń lọ ní ohùn kan, bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, ni hẹ́dífóònù wọ̀nyẹn mọ̀ ọ́n pa dáadáa. Igbe híhan gooro tó ń ti ara abẹ ẹ̀rọ jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tiwọn. Fóòmù tó nípọn, tó lẹ̀ mọ́ ara pinpin yí etí ká, ló ń dí ìyẹn. (Kò rẹwà lórí o, àmọ́ ta ni ẹ fẹ́ ṣoge fún, koríko?) Ẹ má sì gba iye NRR gbọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ yọ 7 kúrò, kí ẹ pín ìyókù sí méjì. 25 á di 9. Ẹ̀rọ tó ń ké tó 90 dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) á wá wọlé sí yín létí bíi 81, èyí tí etí lè gbà. Ibi tó kù sí ni awò ojú. Bí apá rẹ̀ bá nípọn, á gbé fóòmù yẹn kúrò lára, ariwo á sì gba àlàfo ibẹ̀ wọlé. Awò tí apá rẹ̀ tín-ín-rín ni kí ẹ lò.