Ìrírí mi: Mo gbé mọ́tò kalẹ̀, ṣéńjì dá mi dúró ní Mile 2

₦39,920. Iye tí mo san fún lítà epo 40 nìyẹn, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí epo di ₦998 l'Ékòó. Mo bi ọmọ tó ń ta epo pé ṣé kò ṣi owó mi kà. Kò dá mi lóhùn, ó kàn nawọ́ sójú ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, bíi ₦185 ni mo ń ra lítà kan, ìyẹn ni pé ₦7,400 ni lítà 40 yìí kan náà. Mọ́tò kan náà, ọ̀nà kan náà, ọ̀gá kan náà tí kò fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù. Àní, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba gbé sí ₦70,000 nínú oṣù keje ọdún 2024, kò lè ra irú epo yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Láti Òkókó ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní Marina. Lítà 40 kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. N óò wà lójú kan ní Àgbojù, éńjìnì á máa mu epo bí ọ̀mùtí. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé mo ti gbé mọ́tò kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní n ò lè ṣe é fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló jẹ́ kí n ṣe é.

Ètò mi ò le: dáńfó láti Òkókó dé Mile 2, réluwéè láti Mile 2 dé Marina, kí n wá fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì. Ti káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó réluwéè ò gba àlàyé, ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì BRT rí ti mọ̀ ọ́n. Mo rà á lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo fowó sí i, ó parí. Ohun tó ń dùn mí ni pé Òkókómàíkò níbí gan-an ni wọ́n wéwèé pé kí réluwéè yẹn dé, kìlómítà 27. Kìlómítà 13 tó ti Marina wá sí Mile 2 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní September 2023. Àwa tá a wà nídìí ọ̀nà ṣì ń bá kọ̀ndọ́ fà á.

Kọ̀ndọ́ ọjọ́ náà ò sì tàn mí. Ó ń pariwo létí títì pé, “Mile 2! Mile 2! ₦600! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o! Mi ò ní ṣéńjì o!” Mo gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti wọ dáńfó kẹ́yìn, mo rò pé orin tí wọ́n máa ń kọ náà ló ń kọ. Mo wọlé, mo lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, bàtà ọ́fíìsì nínú ọ̀rá lórí itan mi. Orí mi ti wú. Mo ti ń ka iye tí n óò fi pamọ́.

Ìgbà tá a kọjá Ìyànà-Ìbà ló nawọ́ sẹ́yìn. Mo fún un ní ₦1,000. Bàbá tó wà lọ́tùn-ún mi fún un ní ₦1,000. Ọmọkùnrin tó wà lósì mi, tó ki nǹkan bọ etí, òun náà ₦1,000. Kọ̀ndọ́ ká owó náà mọ́ àwọn yòókù láàárín ìka ẹ̀, ó yọrí síta pa dà. Mo ní, “Ṣéńjì mi ńkọ́?” Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀ ná.” Ní Abúlé-Adó mo tún bi í. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé mo fẹ́ sá lọ ni?” Ní Alákijà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi, ó wo ti Bàbá, ó wo ti ọmọkùnrin yẹn. N ò fura.

Bá a ṣe sọ̀ ní Mile 2, ó fi ₦1,000 kan àti ₦200 kan lé mi lọ́wọ́. “Ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mo ti so yín pọ̀ o. ₦400, ₦400, ₦400.” Kí n tó lanu, dáńfó ti ń yí, òun náà ti fò mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe so mí yìgì lẹ́ẹ̀kejì nílé ayé nìyẹn, ọkọ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ₦1,200 lowó orí.

Bàbá ní, “Ọmọ mi, fún mi ní tèmi, Àpápá ni mò ń lọ.” Mo ní, “Bàbá, ẹ wò ó, owó ò ṣeé fà ya, ẹ sà.” Ọmọkùnrin yẹn yọ nǹkan etí ẹ̀ kúrò. Ó ní kí n mú owó náà dání, kí n fi ₦400 ránṣẹ́ sóun lórí fóònù. Mo ṣí fóònù, àmì róbótó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń yí, ó ń yí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé. Ti Bàbá tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá wa ṣẹ́ owó. Ìyá olọ́sàn ní òun ò tíì tajà àárọ̀, pé ká má bà á jẹ́ fóun. Ẹni tó ń ta káàdì mì orí kó tó gbọ́ ohun tá a fẹ́ sọ. Ọmọbìnrin oní-POS ní òun á ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ₦100 lòun máa gbà. Mo ní láéláé. Lórí kí ni? Kí n sanwó kí n lè gba owó mi? Bàbá ń mí ìmí ẹ̀dùn lẹ́yìn wa, ó ń tẹ̀ lé wa bí ẹni tí wọ́n mú nígbèkùn.

Ẹlẹ́pékeré ló gbà wá. Ó ní bá a bá ra ìpékeré ₦200, òun á ṣẹ́ ₦1,000 wa. A rà á. Ó fún wa ní ₦500 kan, ₦200 kan, ₦100 kan. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà: ₦200 méjèèjì lọ sọ́wọ́ Bàbá, ó ṣàdúrà, ó lọ. Ó ku ₦500, ₦100 àti ìpékeré. Ọmọkùnrin yẹn mú ₦500, ó gba nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó ní òun á fi ₦100 tó lé ránṣẹ́ kóun tó dé ibi tóun ń lọ. Èmi mú ₦100 àti ìpékeré. Mo ti kọ̀ láti san ₦100 fún oní-POS o, mo wá san án fún ẹni tí n ò mọ orúkọ ẹ̀. Bá a ṣe tú yìgì náà ká nìyẹn. Ó ku díẹ̀ kí aago méje lù nígbà tá a sọ̀; ó ti lé ní méje ààbọ̀ nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ réluwéè.

Èyí tí mo fẹ́ wọ ti lọ. Mo wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Mi ò ní purọ́, ó wù mí. Inú ẹ̀ tutù, kò sí ẹni tó ń kígbe, ibùdókọ̀ márùn-ún péré ló wà lójú ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó kúrò ní National Theatre tó gba orí omi, mo rí àwọn mọ́tò lórí afárá, wọ́n tò bí èèrà, mo wá ń ro iye epo tí wọ́n ń jó níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi pẹ́ dé ọ́fíìsì. Ẹni tó gbé mọ́tò wá láti Lekki ò tíì dé.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ₦15,400 ni gbogbo ohun tí mo ná, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Tí kì í bá ṣe òjò Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ kí wọ́n gba ₦1,000 lọ́wọ́ wa láti Mile 2 dé Òkókó, ì bá kéré sí i.

Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé tí kọ̀ndọ́ bá ní kẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì, òótọ́ ló ń sọ. Ìyá alákàrà àdúgbò wa ló máa ń bá mi ṣẹ́ owó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ₦100 àti ₦200 ló kún igbá ẹ̀. Mi ò jókòó sẹ́yìn mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tí kọ̀ndọ́ ń wo ojú yín, tó tún ń wo ti ẹni ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ tètè pariwo, alárinà ló ti ń ṣe yẹn.

Mọ́tò ṣì wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ fẹ́ gbé e lọ síbi ìnáwó kan, ó ní ta ló máa ra epo sí i. Mo ní kó lọ bá àwọn ọkọ mi méjèèjì ní Mile 2, ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ mí ní ₦100.