Bí ìjọba ìbílẹ̀ ìgbèríko ṣe lè ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ tí àlejò á fi sùn mọ́jú

Bí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ bá ti wọ káńsù kan létí, pátákó ńlá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí i, wọ́n á pe àwọn oníròyìn, owó á sì ti tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí àlejò máa ya ìgbẹ́ sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó jẹ́ òpó ètò yín: kí ló máa mú kí ẹni tó wá síbí sùn síbí? Ẹni tó wá wòran, tó ya fọ́tò, tó sì bá tiẹ̀ lọ kó tó dalẹ́, ìdọ̀tí ló sábà máa ń fi sílẹ̀. Ẹni tó sùn á san owó yàrá, á jẹun alẹ́, á jẹun àárọ̀, á ra epo sọ́kọ̀ kó tó gbéra.

1. Ẹ wádìí ohun tí òfin fi sí ìkáwọ́ yín

Èyí kò gba àkókò, àmọ́ ẹ má fò ó. Ní Kẹ́ńyà, òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 2010 ka ìrìn-àjò afẹ́ abẹ́lé mọ́ iṣẹ́ àwọn kaúńtì 47 (ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn), ìjọba kaúńtì Narok ló sì ń ṣàkóso ọgbà ẹranko Maasai Mara. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ kaúńtì ló ń gba owó orí lórí yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ ló ń fún wọn láṣẹ. Níbòmíràn, ọ̀nà, ọjà àti pàǹtírí nìkan ni káńsù ní lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò káńsù kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín lójú ewé kan.

2. Ẹ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ yín

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì tó ń to orúkọ òkè àti odò, àlá ló ń kọ. Ẹ ní fọ́ọ̀mù kan náà fún ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjì sì gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé omi kan wà tó ń já láti orí àpáta. Ẹ má kàn kọ pé “ó rẹwà”. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi rìn láti ibi tí ọ̀dà títì ti parí. Níbo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti já? Ọkọ̀ mélòó ló lè dúró níbẹ̀, ṣé bọ́ọ̀sì sì ráyè yí padà? Oko ta ni ọ̀nà ẹsẹ̀ náà gbà kọjá? Bí àlejò bá yọ̀ ṣubú lórí òkúta tó léwéédò, ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ ọn jù, wákàtí mélòó sì ni? Ṣé ẹni tó ń lo ọ̀pá lè débẹ̀? Lóṣù wo ni omi náà máa ń gbẹ? (Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an. Mélòó lára fọ́tò tó wà lára pátákó ni wọ́n yà ní ìgbà tí òjò pọ̀ jù lọ lọ́dún!)

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò méjì, ọ̀kan fún ẹwà ibẹ̀, ọ̀kan fún ohun tó ń ba ẹwà náà jẹ́. Fọ́tò kejì ló máa sọ ohun tí ẹ máa fi owó ṣe fún yín.

Ẹ má sì rò pé òkè àti omi nìkan ni àlejò ń wá. Kaúńtì Potter ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ igbó kìjikìji tí èèyàn ò pọ̀ nínú rẹ̀. Òkùnkùn ni wọ́n fi ń pe àlejò. Láti ọdún 2008 ni ibi ìgbafẹ́ Cherry Springs tó wà níbẹ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí àgbáyé pé ojú ọ̀run rẹ̀ ṣókùnkùn tó láti fi wo ìràwọ̀. Tọ́ọ̀ṣì oníná pupa ni wọ́n ń lò lórí pápá náà, nítorí iná funfun kì í jẹ́ kí ojú ẹni tó ń wòran ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Ẹ ò rí i pé ó bọ́gbọ́n mu? Ẹni tó bá máa wo ìràwọ̀ ò lè wá lọ́sàn-án, ilẹ̀ sì ti ṣú jù fún un láti máa padà lọ sílé.

Ọ̀nà mìíràn ni Hay-on-Wye ní ilẹ̀ Wales gbà. Ìlú kékeré tí èèyàn ibẹ̀ ò ju bíi ẹgbàá lọ ni. Richard Booth bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé àlòkù níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, àfi bí ìlú ṣe di ìlú ìwé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1977, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń tan ara wọn jẹ, ọkùnrin náà fi ara rẹ̀ jọba ìlú, ìwé ìròyìn sì gbé e káàkiri. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé níbẹ̀ lọ́dọọdún, ọjọ́ bíi mélòó kan gbáko. Ọjọ́ bíi mélòó kan yẹn ni kí ẹ fọkàn sí, nítorí òun ló ń kún yàrá.

3. Ẹ bi àwọn tó ti ń wá tẹ́lẹ̀

Kò sí ìgbèríko tí ẹnì kankan kì í gbà kọjá. Ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé epo àti ilé ìtura, kí wọ́n bi èèyàn ní ohun mẹ́ta: níbo lẹ ti ń bọ̀, níbo lẹ máa sùn lálẹ́ òní, kí lẹ wá tí ẹ ò rí? Ẹ ṣe é lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ ṣe é lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ sì tún un ṣe nígbà tí àlejò bá wọ́n. Bí ogójì èèyàn bá ní àwọn ò rí ibi jẹun lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ ti rí iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì ní ná káńsù ní ọ̀pọ̀ owó.

4. Ẹ so ibi kan pọ̀ mọ́ èkejì

Ibi kan ṣoṣo, wákàtí méjì ló ń gbà. Ibi mẹ́rin tí ọ̀nà kan so pọ̀ lè gba ọjọ́ méjì. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ọ̀nà Great Allegheny Passage ní Amẹ́ríkà. Ojú irin tí ọkọ̀ ojú irin ò gbà mọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ti ẹlẹ́sẹ̀, láti Pittsburgh títí dé Cumberland, bíi 240 kìlómítà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún 2013 ló tó parí. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti lè gun kẹ̀kẹ́ já a lọ́jọ́ kan, àwọn ìlú kéékèèké ojú ọ̀nà náà ni wọ́n ń sùn sí. Látọdún 2007 ni ètò kan sì ti wà tó ń ran àwọn ìlú náà lọ́wọ́ kí okòwò lè gbèrú níbẹ̀. Ọ̀nà lásán ò tó, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe àti ibi tí wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ pa mọ́ sí lóru.

5. Ẹ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fẹnu fọ́n ọn

Àgbẹ̀ tí àlejò ń tẹ irè oko rẹ̀ mọ́lẹ̀ á ti ọ̀nà pa, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ní àyíká Maasai Mara, àwọn ìdílé Maasai pa ilẹ̀ wọn pọ̀, wọ́n sì fi yá àwọn tó ní ilé ìgbàlejò. Iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí lórí ìwọ̀n ilẹ̀ oníkálukú ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, kì í ṣe iye àlejò tó bá yà wá. Ẹ lè má ní owó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ lè ṣe ọgbà yí oko náà ká, ẹ lè jẹ́ kí onílẹ̀ máa gba owó ìgbọ́kọ̀sí, kí ẹ sì buwọ́ lùwé àdéhùn níṣojú ẹlẹ́rìí.

6. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáájú ìpolówó

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́, àmì ojú ọ̀nà tí awakọ̀ rí kó tó kọjá oríta, garawa ìdọ̀tí àti ẹni tó ń kó o. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti owó oṣù rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò, torí pé ilé rọrùn ún kọ́ ju kéèyàn máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Ìpolówó ló kàn lẹ́yìn ìyẹn.

7. Ẹ fi òdiwọ̀n sí i nígbà tí èrò ò tíì pọ̀

Hallstatt ní Austria ò ní tó ẹgbẹ̀rin èèyàn tó ń gbé inú rẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń gba àlejò tó ẹgbàárùn-ún lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn ò sùn. Àwọn ará ìlú fẹ̀hónú hàn, wọ́n tiẹ̀ gbé pákó dí ojú ibi tí àlejò ti ń ya fọ́tò lọ́dún 2023. Bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ báyìí kó tó wọlé. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín láti ìbẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ mélòó lójúmọ́, ta ló ń kà á, kí la máa ṣe bó bá kún?

8. Òru ni kí ẹ kà

Iye èèyàn tó gba ẹnubodè wọlé ò sọ púpọ̀. Ẹ gba iye yàrá tí èèyàn sùn lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn onílé ìtura, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ò ní fi ìṣirò ẹnì kan han ẹlòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á parọ́ fún yín. Ẹ lẹ àròpọ̀ rẹ̀ mọ́ ara ògiri káńsù ní ìdajì ọdún, pẹ̀lú iye owó tó wọlé àti ohun tí ẹ fi ṣe. Oṣù tí iye òru bá ti lọ sílẹ̀ jù ni kí ẹ gbé ayẹyẹ ọdún tó ń bọ̀ sí, ẹ má gbé e sí oṣù tí yàrá ti kún tẹ́lẹ̀.