Ẹ Má Ko Owó Dànù Nítorí Murnau

1. Ẹ má kọ́kọ́ rẹ́ǹtì iná. Ọmọkùnrin kan tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá: iná ńlá mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń tú èéfín, ó ní òun fẹ́ ya fíìmù "bíi ti Murnau". Mo bi í pé kí ló ti wò nínú iṣẹ́ Murnau, ará Jámánì tó darí fíìmù aláìlóhùn láyé àtijọ́. Òjìji tó ń gun àtẹ̀gùn nínú Nosferatu, fíìmù Murnau nípa òkú amùjẹ̀, nìkan ni, lórí fóònù.

2. Ẹ má ra ẹ̀dà Nosferatu tó jẹ́ dúdú àti funfun lásán. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Lọ́dún 1922, fíìmù inú kámẹ́rà kò tíì lè gbé òkùnkùn, nítorí náà ọ̀sán gangan ni wọ́n ya òru ibẹ̀. Wọ́n wá rẹ fíìmù bí aláró ṣe ń rẹ aṣọ: búlúù fún òru, yẹ́lò fún yàrá tí àbẹ́là ń jó. Ẹ̀dà tí kò ní àwọ̀ yìí ti sọ òru di ọ̀sán. Opó Bram Stoker ló pe ẹjọ́ pé wọ́n jí Dracula, ìwé ìtàn ọkọ òun, lò, kóòtù sì ní kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà. Díẹ̀ tó yè ni wọ́n ń dà kọ káàkiri, àwọ̀ ń sọnù lọ́nà.

Èmi náà ra irú ẹ̀. Mo ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, mo pe èrò jọ, mo fi odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàlàyé ẹ̀rù fún wọn. Ni Orlok, òkú amùjẹ̀ náà, bá yọ, ó gbé pósí sábẹ́ abíyá, oòrùn ń ràn yòò. Màmá kan lẹ́yìn ní, "Ṣé kò rí aláàárù pè ni?" Eré parí.

Ẹ wá èyí tí wọ́n dá àwọ̀ rẹ̀ padà láti ara ẹ̀dà kan tó wà ní Faransé.

3. Tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá ń sáré bí èèrà tó rí iná, eré ẹ̀dà yẹn ti yá jù.

Ẹ má sì rò pé òjìji ni gbogbo ẹ̀. Nínú Der letzte Mann, fíìmù Murnau ti 1924, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí káàdì ọ̀rọ̀ kankan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sójú fíìmù aláìlóhùn fún wa láti kà; kámẹ́rà ló ń sọ̀rọ̀. Karl Freund tó ń ya àwòrán rẹ̀ gbé e gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ó bá ẹ̀rọ agbéniròkè sọ̀ kalẹ̀, ó sì wa kẹ̀kẹ́ la gbàgede hòtẹ́ẹ̀lì kọjá. Nígbà tí ọtí ń pa Jannings, olú òṣèré inú rẹ̀, Freund so kámẹ́rà mọ́ àyà, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Irú iṣẹ́ yìí ló mú kí ilé-iṣẹ́ fíìmù Fox pe Murnau sí Amẹ́ríkà, tó fi ya Sunrise lọ́dún 1927. Ẹ ò nílò iná mẹ́ta fún un.

Ẹ kàn rí i pé ẹ mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Gọ́tà ni tèmi wọ̀, kámẹ́rà àyálò ló sì wà láyà mi.