Lẹ́tà kan ṣoṣo ló jẹ oṣù méje nínú PhD mi

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí o. 214,000 náírà ni mo ná lórí lẹ́tà àṣẹ kan tí mo nílò fún ìwádìí mi, owó ọkọ̀ àti ibi tí mo sùn nìkan nìyẹn, nígbà tí lẹ́tà ọ̀hún sì máa dé, ìlú tí mi ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ẹ̀.

Bọ́dà àwa àti orílẹ̀-èdè Benin ni mo ń ṣèwádìí lé lórí, èyí tí ìjọba tì pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí wọn ò ṣí Sẹ̀mẹ̀ títí di oṣù Dìsẹ́ńbà 2020, ti Ìdí-Ìrókò tiẹ̀ di 2022. Wọ́n ní torí ìrẹsì fàyàwọ́ ni, àti epo wa tó ń jáde, àti ìbọn tó ń wọlé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ààbò ni lóòótọ́ àbí Abuja kàn ń fi í fa aládùúgbò ẹ̀ létí ni, torí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Buhari tì í ní 1984 nígbà tó wà nínú aṣọ ológun, Obasanjo tì í ní 2003 lórí ọ̀rọ̀ Hamani Tidjani tí wọ́n ní ó ń darí àwọn tó ń já mọ́tò gbà. Bẹ́ẹ̀ láti 1979 la ti jọ fọwọ́ sí i ní ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pé ọmọ ilẹ̀ yìí lè wọ ilẹ̀ yẹn lo 90 ọjọ́ láì gba físà.

Ti kọ́ọ̀sì àti pròpósà, ẹni tó ti ṣe Másítà mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ á fò ó.

Ibi tó ti dojú rú ni pé wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ bọ́dà kankan sọ̀rọ̀ láì gba lẹ́tà àṣẹ láti ọ́fíìsì wọn l'Ábújá. Mo kọ̀wé, wọn ò fèsì. Mo fi ìmeèlì ránṣẹ́, ó padà. Ni mo bá wọ mọ́tò alẹ́. Akọ̀wé tú okùn fáìlì kan, lẹ́tà mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹnì kan sì ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ "security" lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wò mí sókè, ó wò mí sílẹ̀, ó ní "Ta ló rán yín?" Mo ní súpáfáísọ̀ mi ni. Wọ́n ní kì í ṣe súpáfáísọ̀ ló yẹ kó sáìn, HOD, ìyẹn olórí ẹ̀ka wa ní yunifásítì, ni. Mo padà sílé, HOD sáìn, mo tún gbéra, wọ́n ní ọ̀gá tó ń rí sí i ti gba tiráńsífà, fáìlì sì ti bá a lọ. Fáìlì o, bíi pé ẹrù ẹ̀ ni! Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó fún mi ní ìlà mẹ́ta tó ní sítáǹpù, Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìdí-Ìrókò ni mo bẹ̀ fún.

Mo jókòó sí páàkì mọ́tò, mi ò lè sunkún mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ bọ́dà ní Ìdí-Ìrókò ló gbà mí. Wákàtí mẹ́rin ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ìwé àjákọ ẹ̀ ló kó jáde, ọjọ́ àti iye àpò ìrẹsì, ohun tí mi ò rí nínú ìwé ìròyìn kankan. Òun náà ló júwe màmá kan fún mi ní Ìgólò, lódì kejì. Màmá yìí so náírà mọ́ etí ìró kan, sẹ́fà wà ní etí kejì, kì í ṣì wọ́n mú. Mo bi í léèrè bọ́dà, ó ní "Ọmọ mi, ilé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn tí ẹ̀ ń pè ní bọ́dà yẹn." Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni orí kẹrin mi, òun sì ni ẹ̀sítánà, olùdánwò tó wá láti ìta, yìn jù. Ẹ jẹ́ n fọ́nnu díẹ̀, mo jìyà fún un.

Tó bá jẹ́ òní ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìntì ni màá kọ́kọ́ lọ, mi ò sì ní kọ "security" sínú lẹ́tà, "òwò ibodè" ti tó. Màá tún ti kọ́ Faransé, torí ìwé Kutonu tí mo kó wálé, tíṣà ni mo sanwó fún kó tó kà á fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo dìfẹ́ǹdì, fóònù mi dún. Akọ̀wé ọjọ́sí ni. Ó ní wọ́n ti tún lẹ́tà mi kọ, Ìdí-Ìrókò ló wà níbẹ̀ báyìí, kí n wá gbà á, kí n mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì dání.