Bí ẹ ṣe lè fi odindi ọjọ́ kan gun tréènì kiri ní Skọ́tlándì tí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn ò fi ní fi yín sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn tréènì bíi tèmi, tẹ́ ẹ bá wà ní Skọ́tlándì tẹ́ ẹ sì rí ọjọ́ kan tí kò síṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa sọ fún yín ni pé kẹ́ ẹ má ti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò yín o, alẹ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ tó máa gbé yín padà gbẹ̀yìn, aago mélòó ló ń kúrò níbi tẹ́ ẹ ń lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá máa ka wákàtí bọ̀ sẹ́yìn. Láàárín Glasgow àti Edinburgh ẹ ò nílò ìṣirò kankan, tí ọ̀kan bá lọ òmíì ti ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn láìnì ìgbèríko yẹn, àwọn tó dùn ún wò jù gan-an, ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ lè má ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lójúmọ́, tó bá wá di ọjọ́ Sunday ó tún ń dín sí i. Tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá lọ, orí plátífọ́ọ̀mù lẹ máa jókòó sí fún wákàtí méjì mẹ́ta, òjò ibẹ̀ ò sì mọ àlejò.

Ìkejì, láìnì kan péré ti tó. Mo mọ̀ pé ó máa ń wù wá láti kó gbogbo máàpù jẹ lọ́jọ́ kan, kí èèyàn fọwọ́ kan Oban, kó fọwọ́ kan Mallaig, kó tún sáré dé Inverness, kò ṣeé ṣe jàre. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ gùn ún dé òpin, ẹ yí padà.

Tó bá jẹ́ Glasgow lẹ ti ń bọ̀, Mallaig ni kẹ́ ẹ lọ, ìlú apẹja létí òkun, láìnì West Highland ni wọ́n ń pe ọ̀nà ẹ̀, mi ò ní paró fún yín. Láti Glasgow Queen Street, ọkọ̀ àárọ̀ máa ń kúrò bí aago mẹ́jọ bá kọjá díẹ̀, ó máa gbà tó wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ dín díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ máa ní bíi wákàtí méjì láti nasẹ̀ kẹ́ ẹ sì jẹun, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ á gbé yín, ẹ máa padà dé Glasgow láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́. Táìmtébù máa ń yí padà o, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí áàpù ScotRail, iléeṣẹ́ tó ń wa tréènì wọ̀nyí, tàbí ti National Rail lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Odindi ọjọ́ nínú ọkọ̀ nìyẹn, ẹni tí kò bá fẹ́ràn tréènì á ní orí yín ò pé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn.

Ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí ló ṣe pàtàkì jù. Apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí nígbà tẹ́ ẹ bá ń kúrò ní Glasgow, tẹ́ ẹ bá kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Òótọ́ ni pé apá òsì ni omi máa kọ́kọ́ wà, odò Clyde àti Gare Loch àti Loch Long (loch ni wọ́n ń pe adágún tàbí apá òkun tó wọ inú ilẹ̀), ojú á sì máa wọ̀ yín díẹ̀, ẹ fara dà á. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Arrochar báyìí, Loch Lomond á yọ lápá ọ̀tún, á máa bá yín lọ láàárín àwọn igi dé Ardlui. Ohun tó wá dùn níbẹ̀ ni pé tọ́kọ̀ bá dé Fort William, kò sí ọ̀nà ní iwájú mọ́, òpin irin ni, dírẹ́bà á sọ̀ kalẹ̀, á rìn lọ sí orí kejì ọkọ̀, á sì wa yín jáde padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀ wá di ará apá òsì láìdìde, apá òsì gan-an sì ni bírìjì Glenfinnan àti Loch Shiel ti ń hàn dáadáa jù. Ìjókòó kan ṣoṣo, ẹ jẹ gbogbo ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni, apá ọ̀tún láti Mallaig, á yí padà fún yín ní Fort William.

Ẹ tún wo fèrèsé kẹ́ ẹ tó jókòó o. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀, 156 ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣe é láàárín 1987 sí 1989, epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, àwọn ìjókòó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ògiri ni wọ́n dojú kọ, ẹ máa wá san owó tán kẹ́ ẹ máa wo páálí ògiri fún wákàtí márùn-ún. Ìjókòó onítábìlì ló dáa jù, torí fèrèsé ẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ẹ lè gba ìjókòó sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ má ṣe aláìṣe bẹ́ẹ̀, èrò máa ń pọ̀. Ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ibi tẹ́ ẹ tẹ ẹsẹ̀ lé, tó bá ń gun òkè láti Ardlui lọ, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń ké, tábìlì á máa gbọ̀n tìtì, èmi ò lè sùn níbẹ̀ láé, ṣé kí n wá sùn kí n máa pàdánù orin yẹn ni?

Crianlarich ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ọkọ̀ sí méjì, apá kan á gba Oban lọ, ìyókù á gba Fort William àti Mallaig. Tẹ́ ẹ bá wà ní kóòṣì tí kì í ṣe tiyín, Oban lẹ máa bá ara yín, kò sì sí ẹni tó máa bá yín dá a dúró. Wọ́n máa ń kéde ẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹ bi kọndọ́kítọ̀ ní Glasgow kẹ́ ẹ tó wọlé, ó tán. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n máa ń lò níbẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tú kóòṣì kúrò lára ara wọn, òṣìṣẹ́ á wo ibi ìsopọ̀, dírẹ́bà iwájú á fà á díẹ̀, gbà!, wọ́n ti pínyà. Lẹ́yìn náà láìnì méjèèjì jọ gba ìlú Tyndrum kọjá, abúlé kékeré ni ṣùgbọ́n stéṣàn méjì ló ní, ọ̀kan lókè fún Fort William, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún Oban.

Láti ibẹ̀ lọ, ẹ fi fóònù sílẹ̀. Kó tó dé Bridge of Orchy, irin náà ṣẹ́rí wọ inú àfonífojì kan lápá ọ̀tún, ó gba orí bírìjì méjì kọjá, ó sì padà jáde sódì kejì, torí pé àwọn tó kọ́ láìnì yìí, tí wọ́n ṣí i dé Fort William ní 1894, kò ní owó bírìjì ńlá tó máa sọdá ẹ̀ tààràtà. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, Rannoch Moor ló kù, ilẹ̀ àbàtà tó tẹ́ lọ salalu, ilé àti títì ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àbàtà yẹn rọ̀ débi pé ńṣe ni wọ́n kó ìdì igi àti gbòǹgbò àti ẹrùpẹ̀ àti eérú dà síbẹ̀ kí wọ́n tó lè tẹ́ irin lé e, irin náà sì ń léfòó lórí ẹ̀ dòní. Corrour ló wà lẹ́yìn ibẹ̀, mítà 408 ni gíga ẹ̀, kò sí stéṣàn mìíì tó ga tó o lórí gbogbo láìnì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tlándì, títì mọ́tò tí gbogbo èèyàn lè gbà ò sì débẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkè dáadáa, àgbọ̀nrín pọ̀ níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ pátápátá lágbègbè yìí, torí náà tíkẹ́ẹ̀tì àti máàpù yín, ẹ ti dówùnlóòdù wọn sílẹ̀ láti ilé.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èrò kì í mọ̀: wọn kì í fi iná pupa àti iná ewéko darí ọkọ̀ níbẹ̀ bíi ti Glasgow. Irin kan ṣoṣo ni, lílọ àti bíbọ̀, stéṣàn nìkan lọkọ̀ méjì ti lè ya fún ara wọn. Dírẹ́bà á fi rédíò pe àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní Banavie, lẹ́bàá Fort William, wọ́n á fi àṣẹ ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ tó wà níwájú ẹ̀, tókìn ni wọ́n ń pè é, bíi kọ́kọ́rọ́ ilé kan ṣoṣo ló rí, tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹnì kejì ò lè wọlé. Nítorí náà tọ́kọ̀ yín bá dúró sí stéṣàn kan tí kò lọ, ẹ má bínú, ó ń retí èyí tó ń bọ̀ ni.

Glenfinnan báyìí. Bírìjì náà ní àrọ́ọ̀ṣì 21, ìyẹn àwọn àlàfo olórí róbótó tó wà láàárín òpó ẹ̀, kọnkéré ni gbogbo ẹ̀ láìsí irin nínú, gígùn ẹ̀ tó mítà 380, ó sì tẹ̀ bí ọrun, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí orí ọkọ̀ yín láti inú kóòṣì ẹ̀yìn. Robert McAlpine ló gba kọńtíráàtì ẹ̀, ó fẹ́ràn kọnkéré débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Concrete Bob, láìnì ọ̀hún sì ṣí ní 1901. Ẹ jókòó sí kóòṣì ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ dúdú tàbí jákẹ́ẹ̀tì bo fóònù mọ́ gíláàsì kí ojú yín má báa hàn nínú ẹ̀. Ọkọ̀ oníná èédú tó ń ná Fort William sí Mallaig nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Jacobite, bírìjì kan náà ló ń gbà, irin kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wọ́n ó sì ń tètè tán. Ní tèmi, ọkọ̀ ScotRail ti tó, ẹ wo Jacobite láti ìta kẹ́ ẹ sì máa lọ. Tẹ́ ẹ bá dé Mallaig, ẹ wá ẹja níbi táwọn apẹja ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí fẹ́rì tó ń lọ sí erékùṣù Skye tàn yín, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lè fi yín sílẹ̀.

Bí wákàtí yẹn bá pọ̀ jù, ẹ bọ́ sí kóòṣì Oban, bíi wákàtí mẹ́ta ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Cruachan níbẹ̀, ẹ wo àwọn wáyà tí wọ́n ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin bí ọgbà. Tí òkúta bá yí lulẹ̀ tó sì já ọ̀kan nínú ẹ̀, àmì tó ń darí ọkọ̀ á yí sí “dúró” fúnra ẹ̀ kọ́kọ̀ tó kọlu òkúta.

Ẹ̀yin ará Edinburgh, tiyín rọrùn. Ẹ gba Tweedbank lọ láàárọ̀, kò tó wákàtí kan, ẹ padà sí Waverley, stéṣàn ńlá Edinburgh, kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ Leven lọ sí Fife lọ́sàn-án. Láìnì méjèèjì yìí ni wọ́n gbé èrò kúrò lórí ẹ̀ ní 1969, tí wọ́n wá jí padà, Tweedbank ní 2015, Leven ní 2024. Lójú ọ̀nà Leven lẹ máa gba Forth Bridge kọjá, bírìjì pupa yẹn, láti 1890 lọkọ̀ ti ń gba orí ẹ̀. Inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn fún ẹni tó wà lórí ẹ̀, irin pupa tó ń kọjá fìrì fìrì lẹ máa rí, nítorí náà ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní North Queensferry, ẹ rìn lọ sísàlẹ̀ etí omi kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ wọ òmíì.

Tẹ́ ẹ bá wà ní Inverness, Kyle of Lochalsh ni, wákàtí méjì àtààbọ̀ ni lílọ. Wick ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Thurso náà sún mọ́ wákàtí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sùn síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó. Láti 1 September 2025 ni ScotRail ti pa owó píìkì rẹ́ pátápátá, tó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ò wọ́n ju ti ọ̀sán mọ́, ẹ ò ní máa dúró kí aago mẹ́sàn-án kọjá. Tẹ́ ẹ bá ní railcard, ìyẹn káàdì ẹ̀dínwó tréènì, ìdá kan nínú mẹ́ta owó á sábà yọ kúrò. Ìjọba Skọ́tlándì ló ni ScotRail láti 2022, tí wọ́n bá pẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ béèrè owó yín padà, áàpù wọn ní ibi tẹ́ ẹ ti lè ṣe é.

Àwọn stéṣàn kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ ò bá nawọ́ sí dírẹ́bà kò ní dúró, Lochailort àti Beasdale wà lára wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ níbẹ̀, ẹ sọ fún kọndọ́kítọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi dání, ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹnì kan máa ta nǹkan nínú ọkọ̀. Ẹ gbé pọwà bánkì, jákẹ́ẹ̀tì òjò lóṣù yòówù kó jẹ́, àti oògùn kòkòrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn torí àwọn kòkòrò wínníwínní kan wà lápá òkè yẹn tó ń jẹ èèyàn bí ẹni pé wọ́n sin gbèsè. Ẹ má fi fláàṣì ya dírẹ́bà, ẹ má kọjá ìlà ofeefee. Nínú oṣù kejìlá ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago mẹ́rin tó lù, gbogbo bíbọ̀ yín láti Mallaig á jẹ́ òkùnkùn, oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ló dáa jù, ìmọ́lẹ̀ á bá yín dé Glasgow fẹ́rẹ̀ẹ́ẹ́ délé.

Àtipé tílé yín bá kọjá Glasgow, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti ilé dé Mallaig ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má pín in sí méjì, torí tí ọkọ̀ West Highland bá pẹ́ débi tí ọkọ̀ ilé yín tó gbẹ̀yìn fi lọ, àwọn rélùwéè ló máa wá bí ẹ ṣe máa délé. Queen Street lẹ máa sọ̀ sí, tó bá jẹ́ Glasgow Central, stéṣàn ńlá kejì, ni ọkọ̀ ilé yín ti ń kúrò, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ máa gbé yín débẹ̀, ẹ kà á mọ́ ètò yín.